Ọgbà Òdòdó Tí Mo Sún Wọ Ilẹ̀ Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ìwé yìí kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé èébú tọ́ sí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, n kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ mu ọmú kan náà dàgbà. Mo ti rò pé màá gbé e dé sàréè ni.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, obìnrin kan fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí n lọ ṣàlàyé bí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán kó tó kú. Bàbá rẹ̀ kò ṣarán. Èmi ni mo mọ̀, nítorí èmi ni mo fà á tí gbogbo èèyàn fi gbà pé ó ń ṣarán.

Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Mówè ni mo ti ń gbé láti ìgbà tí ọmọ mi Dàpọ̀ ti wà ní pámárì. Ọkọ mi ń ṣe káfíńtà ní Ìbafò. Èmi ń tọ́jú òdòdó, mo ń tà á lẹ́bàá títì. Mo ti yí àwọn orúkọ tó wà nínú ìwé yìí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ẹnikẹ́ni kiri.

Nígbà tí a ra ilẹ̀ wa, igbó ló yí wa ká. Ilé kan ṣoṣo ló kángun sí tiwa, ilé bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ifọ̀, níbi tí wọ́n ti bí i, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Mówè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rónkẹ́, tí òun náà ń ṣe tíṣà ní Àkútè. Òpin ọ̀sẹ̀ ni Rónkẹ́ máa ń wá wò ó.

Kò sí ògiri láàárín àwa àti Bàbá. Ọgbà òdòdó ni. Òun ló gbìn ín kí a tó dé. Òdòdó pupa yẹn ni, èyí tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta gbọọrọ, tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń já lọ yà sínú ìwé sáyẹ́ǹsì wọn. Haibísíkọ́ọ̀sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Fúláwà ni àwa ń pè é. Òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán. Òwúrọ̀ ni òdòdó rẹ̀ máa ń là, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti wé mọ́ra, òmíràn á là lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní mọ̀lẹ́bí ilá ni, mọ̀lẹ́bí ìṣápá àti òwú ni. Ó já òdòdó ilá kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wò ó, Ìyá Dàpọ̀. Ìyá kan ló bí wọn."

Nínú ìwé tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ fún àwa méjèèjì, ohun tí wọ́n kọ ni pé ilẹ̀ Bàbá parí síbi ọgbà òdòdó, tiwa sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò sí òpó sìmẹ́ǹtì kankan níbẹ̀. Òdòdó yẹn ni ààlà.

Ọwọ́ Bàbá ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo ń jẹ lónìí. Ọdún kejì tí a kó dé, aṣọ tí mo ń tà kò tà mọ́. Bàbá máa ń rí mi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, wá mú ọ̀bẹ." Ó fi ẹ̀ka tí mo máa gé hàn mí. Kì í ṣe èyí tó ṣì rọ̀, kì í ṣe èyí tó ti gbó jù, èyí tó tó pẹ́ńsùlù ni. Ó ní kí n gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú igi, níbi tí ewé ti ń yọ. Kí n já àwọn ewé ìsàlẹ̀ dànù, kí n dá méjì sí lókè. Kí n rì í bọ iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí mo fi yanrìn lú nínú ọ̀rá, kí n gbé e sábẹ́ ibòòji, kí n máa wọ́n omi sí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sídìí rẹ̀.

Ó ní, "Má fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò o. Tó bá ti yọ ewé tuntun, ó ti dá ẹ lóhùn nìyẹn."

Mo fa ti àkọ́kọ́ wò. Gbogbo wọn kú. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gé òmíràn fún mi. Lára ọgbà yẹn ni gbogbo òdòdó tí mo kọ́kọ́ tà ti wá. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi ọṣẹ fọ kòkòrò funfun kúrò lára ewé, òun ló kọ́ mi pé tí a bá gé orí rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, á ya ẹ̀ka, á sì ki. Bàbá tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí nìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. A fẹ́ gbẹ́ sọ́kàwéè, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ máa ń wọ̀. Ọkọ mi wọn ilẹ̀, ó ní ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kí ó tó gbà, pé kí a fi sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn tó lọ, mo dúró sídìí ọgbà, mo ń wo ilẹ̀ Bàbá. Ilẹ̀ náà fẹ̀. Koríko àti igi ọsàn kan ló wà níbẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, kí ni bàbá arúgbó kan fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?

Bí mo bá tọrọ ẹsẹ̀ bàtà méjì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Á fún mi. N kò tọrọ nítorí n kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé ojú mi wọ nǹkan rẹ̀. Ìtìjú kékeré yẹn ni mo sá fún tí mo fi bọ́ sínú èyí tí mo wà lónìí.

Lọ́dún yẹn, ojú Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn dókítà ní kò lè yá mọ́, pé ohun tí àwọn lè ṣe kò ju kí ó má burú sí i lọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Gbogbo ibi tó ń lọ nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó máa ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, mẹ́sàn-án. Láti ìdí ọsàn dé ibi òdòdó, méjìlá. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ mi láràárọ̀ tó bá ń lọ bomi rin wọ́n.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Bàbá, ọgbà yìí ti ń ṣí lójú. Ẹ jẹ́ kí n gbin ìlà kejì kún un kí ó lè ki."

Ó ní, "O káre. Sọ́dọ̀ mi níbí ni kí o gbìn ín sí, kí ewúrẹ́ ìta má bàa jẹ ẹ́."

Bó ṣe fún mi láyè nìyẹn. Mo gbin ìlà tuntun sínú ilẹ̀ rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dé, ó ti ga dé àyà mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìlà àtijọ́ tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi, díẹ̀díẹ̀, mo ń hú gbòǹgbò rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá pé kòkòrò funfun ló pa wọ́n. Ó ní ó ṣe òun láàánú.

A gbẹ́ sọ́kàwéè. Mo sọ fún ọkọ mi pé Bàbá ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún mi. Ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó kàn sọ pé, "Bàbá, a dúpẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín." Bàbá rò pé nítorí ẹ̀ka òdòdó tó ń fún mi ni. Ó ní kò tó ọpẹ́.

Kí n tó mọ̀, mo ti ń rò ó pé tí mo bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, yàrá kan á wọlé níbẹ̀ fún Dàpọ̀. Tí mo bá tún ṣe é, á di méjì. Òjò mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Lọ́dọọdún, ìlà kan wọ inú ilẹ̀ Bàbá, ìlà kan kúrò lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan Bàbá pè mí. Ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, mọ́kànlá ni mo kà lónìí."

Mo ní, "Bàbá, bóyá ẹsẹ̀ yín ló gùn lónìí." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di mẹ́wàá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó padà sídìí ọsàn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí òdòdó náà. Ẹ rántí pé tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ló ṣú, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣú. Ó ní, "Igi yìí kéré. Ìgbà tí Rónkẹ́ wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo gbin ọgbà yìí. Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ tó ọrùn ọwọ́ mi. Èyí ò ju àtàǹpàkò lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Mo sì dáhùn kíá. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e kanlẹ̀ lọ́dún tó kọjá kí ó lè hù lákọ̀tun. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Ó di igi náà mú. Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kankan sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà nínú ọpọlọ rẹ̀ tí kò rí i. Ilẹ̀ tí mo jí, mo lè dá a padà. Ohun tí mo jí lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn Bàbá kò ti balẹ̀ mọ́. Ó máa ń lọ láti ìdí ọsàn dé ọgbà, á padà, á tún lọ, kódà nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Àwọn tó ń kọjá dúró ń wò ó. Wọ́n ní Bàbá Tíṣà ti ń ṣarán. Wọ́n bi mí, mo mi orí. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé rárá. Orí ni mo mì.

Rónkẹ́ wá ní Sátidé kan. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìdúró nídìí ọsàn, òógùn bò ó. Bàbá ní ọgbà náà ń rìn. Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn, pé ọgbà náà ń rìn bọ̀ wá bá òun. Rónkẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti sún ọgbà yìí ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń wà nílé."

Ẹ wò ó, Ọlọ́run fún mi láyè lọ́jọ́ yẹn. Ó bi mí lójúkojú. Mo fà á dìde. Mo ní, "Rónkẹ́, Bàbá ń dàgbà ni. A óò máa gbàdúrà fún wọn."

Ó sunkún léjìká mi. Mo gbá a mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ló le jù fún mi. Mùsùlùmí ni Bàbá, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ṣe àlùwàlá, ó ti tẹ́ ẹní. Ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Jókòó sí ẹ̀yìn mi níbẹ̀, kí o bá mi ka ráká ìrun mi. Tí mo bá ti dìde dúró, kí o ka ọ̀kan. Mẹ́rin ni ti Alásárì."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "N kò mọ iye tí mo ń kí mọ́. Tí mo bá kà á tán, mo máa ń rò ó pé bóyá mo ti gbàgbé, màá tún un kí. Ìjẹta, mo tún un kí títí ìrun Màgáríbì fi bá mi nírọ̀lẹ́."

Mo jókòó. Mo fi ìka kà á. Nígbà tó sálámà tó parí ìrun náà, ó yíjú sí ibi tí mo wà. Ó ní, "Mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́rin ni, Bàbá."

Ó ní, "Mẹ́rin ni èmi náà kà. Ṣùgbọ́n n kò gba ara mi gbọ́ mọ́."

Mo bá a ka ìrun rẹ̀ báyìí fún nǹkan bí oṣù méjì. Bàbá ń sọ fún àwọn tó ń wá kí i pé Kìrìsítẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ìrun òun bàjẹ́. Kò sí ọjọ́ tí n kò fẹ́ sọ ọ́ fún un. Kò sí ọjọ́ tí mo sọ ọ́. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, màá dé ilé, màá bá Dàpọ̀ tó ń to bíríkì yàrá tirẹ̀, ẹnu mi á pa dé.

Rónkẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan. Wọ́n bi Bàbá ní ìbéèrè. Gbogbo èyí tó mọ̀, kò lè dáhùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú Rónkẹ́ pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọ oògùn fún un, oògùn tó ń mú un sùn. Lẹ́yìn náà Rónkẹ́ ní òun ò lè fi í sílẹ̀ ní òun nìkan mọ́. Ó wá mú un lọ sí Àkútè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Bàbá ní kí wọ́n dúró. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kí Rónkẹ́ lọ jókòó nínú mọ́tò. Ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ."

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe?"

Ó ní, "Ọkàn mi bá ọ wí. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ìwọ lo ń sún ọgbà yẹn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo rò ó. Ìwọ tó ń bá mi ka ìrun mi. Àrùn orí yìí ló jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀. Má bínú. Dárí jì mí."

Ẹ̀yin èèyàn, mo dárí jì í. Mo ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Kò sí nǹkan." Ẹnu mi ni ó ti jáde. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi àti fún Dàpọ̀, ó lọ.

Ní Àkútè, géètì ilé wà ní títì nítorí Rónkẹ́ máa ń lọ sí ilé ìwé láti àárọ̀. Ó ń bẹ̀rù kí bàbá òun má bọ́ sí títì. Bàbá pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Òdòdó ló máa ń béèrè. Kò lò tó ọdún kan àbọ̀ tó fi kú. Ifọ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo lọ. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé aládùúgbò rere ni mí. Mo sọ̀rọ̀.

Yàrá méjì ló wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí. Dàpọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ló ń gbé ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá wà lọ́wọ́ mi, nítorí Rónkẹ́ ní òun ò ní ẹlòmíràn tí òun lè gbé e fún. Mo máa ń gbá a, mo máa ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Mo ti rò pé bí mo ṣe máa lò ó títí màá fi kú nìyẹn.

Oṣù tó kọjá ni Rónkẹ́ dé ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ti rù. Ó mú ìwé eksasáìsì kan dání. Ó ní òun ń kọ gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ báyìí, ohun tí òun jẹ, ibi tí òun gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ní òun gbàgbé omi sórí iná lọ́jọ́ kan. Ó ní òun gbàgbé orúkọ ọmọ kan ní kíláàsì, òun dúró níwájú àwọn ọmọ, orúkọ kò wá. Nǹkan tí gbogbo wa máa ń gbàgbé ni o. Èmi náà gbàgbé irú rẹ̀ lánàá.

Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ ohun tó jẹ́. Ó ní ti bàbá òun ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ó ní tí táàmù yìí bá parí, òun máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún ọkọ òun pé tí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, kí ó ti géètì mọ́ òun bí òun ṣe tì í mọ́ bàbá òun, kí ó má ṣàánú.

Ó wá ṣí ìwé náà, ó mú báírò. Ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi? Ẹ sọ fún mi kí n lè máa ṣọ́ ara mi."

Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Dókítà kan ní Abẹ́òkúta ló fẹ́ rí i báyìí. Ó ní kí ó mú ẹnì kan tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn bàbá rẹ̀ wá. Èmi ló mú. Ohun tí mo bá sọ níbẹ̀ ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Bóyá wọ́n á kọ oògùn oorun fún òun náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Bàbá ò fún ọ nílẹ̀ yẹn?" Mo ní kò fún mi. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú yàrá Dàpọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní, "Òkú ti lọ. Alààyè ni kí o rò." Mo bi í pé alààyè wo, Dàpọ̀ ni àbí Rónkẹ́? Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà ju káàárọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ilẹ̀ ni mò ń du. Bí wọ́n bá ní kí a wó yàrá yẹn lọ́la, màá wó o. Dàpọ̀ á bínú sí mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tàbí ẹjọ́ ló ń dẹ́rù bà mí.

Rónkẹ́ ni. Bí mo bá sọ fún un pé orí bàbá rẹ̀ pé títí tó fi kú, á mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Á sùn. Á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n á tún mọ̀ pé bàbá tí orí rẹ̀ pé ni òun tì mọ́lé, tí òun ń fún ní oògùn, tí òun ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Bàbá sọ òtítọ́ fún un nídìí ọsàn, kò gbà á gbọ́. Èmi ló gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tó máa wò ó sàn ló máa gún un lọ́bẹ. Tí mo bá sì dákẹ́, á máa ka ara rẹ̀ sí wèrè títí ayé rẹ̀.

Mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo tún fẹ́ dáàbò bò. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí màá ṣe sọ ọ́. Ṣé kí n sọ ọ́ nínú mọ́tò nígbà tí a bá ń lọ ni, àbí níwájú dókítà, kí ẹni tó lè dì í mú wà níbẹ̀? Ṣé kí n lọ bá ọkọ rẹ̀ àti ìmáàmù wọn ṣáájú? Ṣé kí n fi orúnkún rìn dé Àkútè? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òtítọ́ ṣe ẹnì kan léṣe rí, tí ẹ sì rí i pé ojú ọgbẹ́ náà jiná lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.